Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ bá ń dún tí iná kò sì jáde

Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń dún geere tí iná kò jáde, ẹ jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì àti kábúrétọ̀ sinmi. Ẹ yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò lára rẹ̀, ẹ wo bírékà bóyá ó ti já, kí ẹ sì fi mítà wọn fóltì sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná nínú máa ń tanni jẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín ẹ̀ńjìnnì ń pani nínú ilé. Ẹ wo eré ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú: èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti 60 Hz sì jẹ́ 3,600.

Ohun tí mítà bá sọ ló ń darí ìyókù. Irin inú rótọ̀ (apá tó ń yí nínú jẹnẹrétọ̀) máa ń ní òòfà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí i lára, òun ló ń mú fóltì kékeré àkọ́kọ́ wá, kí AVR (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣètò fóltì) tàbí kápásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú) tó gbé e ga. Bí mítà bá mú fóltì 2 sí 5, òòfà ṣì wà; ohun tó yẹ kó gbé iná ga ni kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ òdo pátápátá, òòfà ti tán tàbí kí wáyà ti já. Ẹ̀rọ tó pẹ́ nílẹ̀, tàbí tí epo tán nínú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbé ẹrù, ni òòfà rẹ̀ sábà máa ń tán.

Ẹ̀rọ oní-kápásítọ̀ kò ní búrọ́ọ̀ṣì (èédú kékeré tó ń gbé iná lọ sí ara rótọ̀). Ẹ pa á, ẹ fi gílóòbù fa iná tó kù nínú kápásítọ̀ jáde kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ wá wọn µF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbà). Bó bá ti lọ sílẹ̀ gan-an sí iye tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: µF kan náà, fóltì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Bí tuntun náà kò bá mú iná wá, ẹ yẹ dáyóòdù ara rótọ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wò.

Èyí tó ní AVR ló gba sùúrù. Ẹ pa ẹ̀ńjìnnì, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì lè ti jẹ tán tàbí kó há sínú ilé rẹ̀. Bí òrùka bàbà méjèèjì tó ń fara kàn bá dúdú, sáńpépà tó kúnná ló ń nù ún. Ẹ wọn òrùka kan sí èkejì: ó yẹ kí mítà mú ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) wá. Bí kò bá mú nǹkan kan, wáyà rótọ̀ ti já. Bí mítà bá sì fi hàn pé iná ń kọjá láti òrùka sí ọ̀pá irin tó ń yí, rótọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kí òòfà lè padà, ẹ sàmì sí búrọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ yọ wáyà AVR kúrò pátápátá, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi bátìrì 12 V kan búrọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù. Bí fóltì sọ́kẹ́ẹ̀tì bá fò sókè, rótọ̀ àti kọ́ìlì ńlá tó ń mú iná wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní àrùn. Ẹ pa á, ẹ dá AVR padà, ẹ tún tan án. Bí iná bá dé, òòfà ló ti tán tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣì wà ní fóltì díẹ̀, AVR ni ẹ máa fura sí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn kọ́ìlì kékeré tó ń fún AVR ní iná kí ẹ tó náwó. Ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ sílẹ̀ sábẹ́ AVR tuntun: iná tó ń ṣẹ́ pàràpàrà lórí òrùka lè tètè pa á.