Ta Ló Ní Ìdí Òkun Dákẹ́?

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní oṣù Kẹta ọdún 2024, oríṣiríṣi àlàyé ló gba àdúgbò Lágéré kan níbí ní Ifẹ̀. Àwọn kan ní ìjọba ló pa á, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló fẹ́ jẹ dátà wọn. Ìròyìn wá jáde pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, àti pé wọ́n fura pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ̀. Ẹ̀rín ni àwọn ará Lágéré ń rín. Wọ́n ní ìgbì lókè ló ń jà, pé ìdí òkun dákẹ́, ẹrẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ìlú tó ní Igbó Olókun ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Ìdí òkun kò dákẹ́. Odò ńláńlá ń gbá yanrìn àti ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó ń ga bí òkìtì sí ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ lọ sínú ibú. Bó bá yá, ó lè ya. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ẹrẹ̀ ya láti ẹnu odò Kóńgò, ó gba àfonífojì abẹ́ omi, ó sáré ju 1,100 kìlómítà lọ, ó sì já wáyà tí íntánẹ́ẹ̀tì wa ń gbà kọjá. Kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀ ló fà á. Odò ló ti kún àkúnya ṣáájú.

Ti ọdún 1929 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun nítòsí Newfoundland, erékùṣù kan ní Kánádà, ẹrẹ̀ ya, wáyà tẹlígíráàfù 12 sì já. Àwọn kan já lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù ń já tẹ̀lé ara wọn bí ẹrẹ̀ ṣe ń bá wọn. Aago tí wọ́n já wà lákọsílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣírò eré tí ẹrẹ̀ náà sá. Tsunami, ìyẹn ìgbì òkun ńlá, tó tẹ̀lé e pa èèyàn 28.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ kí wáyà tó dáyé? Wọ́n á so ohun wúwo mọ́ orí páìpù irin gígùn, wọ́n á jù ú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ kó gún ìdí òkun, wọ́n á wá fà á sókè tòun tẹrẹ̀. Bí wọ́n bá là á sí méjì lóòró, ẹrẹ̀ kíkúnná tó ń rọra balẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni ipele yanrìn tí ẹrẹ̀ tó ya gbé wá á ṣàdédé yọ: èyí tí kò kúnná nísàlẹ̀, èyí tó kúnná lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ lókè pátápátá. Ẹni tó bá pọn omi odò lẹ́yìn òjò tó sì gbé e kalẹ̀ mọ̀ pé yanrìn ló ń kọ́kọ́ rọlẹ̀. Karawun àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irú ipele bẹ́ẹ̀ ni ìmìtìtì fà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ibi púpọ̀ tó jìnnà síra: bí ọjọ́ orí ipele bá bára mu níbi gbogbo, ìmìtìtì ló ṣeé fura sí. Báyìí ni wọ́n ṣe ka ìmìtìtì ńláńlá etíkun Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà padà sí nǹkan bí 10,000 ọdún.

Ẹrẹ̀ ò ní sọ ọjọ́ tí òmíràn máa ya o. Ibi tó ti máa ń ya ló ń sọ, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tún ya. Ìyẹn sì tó fún ẹni tó fẹ́ tẹ́ wáyà tàbí páìpù epo láti gba ibòmíràn.