Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ my.cnf: ọmọ Unix ni, kì í ṣe ọmọ Windows

Bí a bá fi MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, sórí Linux, fáìlì kékeré kan sábà máa ń bá a wá sínú /etc, fódà tí fáìlì ètò ẹ̀rọ máa ń wà, tó ń sọ fún sáfà náà ibi tí yóò kó dátà sí, iye mẹ́mọ́rì tí yóò lò àti ojú ọ̀nà tí yóò ṣí fún àlejò. my.cnf ni. Àwọn kan sọ pé inú Windows ni wọ́n ti kó ìrísí rẹ̀, nítorí pé àkọlé inú àkámọ́ onígun, irú [mysqld] àti [client], jọ ti fáìlì .ini ayé 1985. Ó jọ ọ́, mi ò jiyàn, àmọ́ ìjọra ojú kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di ẹbí.

Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni kí a lọ wò, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Linux tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀, ní 1969. Nínú ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́, ti 1971, /etc/passwd, fáìlì tó ń to orúkọ àwọn òǹlò, ti wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan, ọ̀pọ̀ òǹlò: mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àṣà yìí ti hù. Òfin gbogbogbòò ní láti wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, tí alábòójútó nìkan sì lè yí i. Kí oníkálukú wá ní tirẹ̀ nínú fódà ara rẹ̀. Ẹ wo bí MySQL ṣe ń kà á: /etc/my.cnf ló ń kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà /etc/mysql/my.cnf, kó tó wá dé ~/.my.cnf ti òǹlò fúnra rẹ̀, èyí tó bá sì kà kẹ́yìn ló ń borí. Bí gbogbo ayé bá lè kọ nǹkan sínú fáìlì náà, MySQL kò ní kà á rárá. Èwo ni ti Windows níbẹ̀?

Orúkọ ńkọ́? Monty Widenius, ọmọ Finland, ti ń kọ irinṣẹ́ dátábéèsì kan tó ń jẹ́ UNIREG láti nǹkan bí 1979. Òun, David Axmark àti Allan Larsson ló dá MySQL sílẹ̀ ní Sweden ní 1995. Ọmọbìnrin Monty ń jẹ́ My. Ìwé ìlò MySQL àtijọ́ ní “my” ti wà lára fódà àti irinṣẹ́ àwọn fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, pé àwọn gan-an kò mọ èyí tó fún MySQL lórúkọ nínú méjèèjì. Ti ọmọ ni mo gbè sí. Nílé wa, ta ni kò mọ̀ pé orúkọ ọmọ la fi ń pe bàbá? Ẹni tó sì tún fún dátábéèsì ní orúkọ Max, ọmọkùnrin rẹ̀, àti Maria, àbúrò My, kò fara pa mọ́.

Láyé ìgbà yẹn, fáìlì àwòkọ ló ń bá MySQL wá: my-small.cnf fún ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 64M (mẹ́gábáìtì) lọ, my-medium, my-large fún 512M, títí dé my-huge fún 1G sí 2G. “Huge” o! Fóònù inú àpò wa ti kọjá ìyẹn tipẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ sáfà ló ṣì ń lo iye tí wọ́n dà kọ láti inú wọn. Debian, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ní tirẹ̀ fi bind-address = 127.0.0.1 sí i, ìyẹn ni pé inú ẹ̀rọ náà nìkan ni a ti lè bá a sọ̀rọ̀, kí àlejò ìta má bàa wọlé kí onílé tó mọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé rere nìyẹn.

Ìyókù kò gùn. Ilé-iṣẹ́ Sun ra MySQL ní 2008, ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun ní 2010, MariaDB, dátábéèsì tó ń jẹ́ orúkọ Maria, sì ti ya kúrò lára MySQL ní 2009. MySQL 5.6 kó àwọn àwòkọ náà dànù, ó fi my-default.cnf rọ́pò wọn. Nígbà tó di 5.7.18, òun náà lọ.

Àwọn olùfẹ́ PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, yóò sọ pé fáìlì tiwọn, postgresql.conf, wà nínú fódà dátà, pé kò nílò /etc. Debian ti gbé e lọ sí /etc/postgresql fún wọn.