Ọ̀pá yìnyín, àti ìdí tó fi ń bàjẹ́ kí yìnyín tó tán

Àwọn tó ń gbẹ́ bóhóòlù ní Ìkòròdú ń da amọ̀ àti yanrìn tó bá jáde nù, torí omi ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ń gbẹ́ yìnyín orí òkè ò wá nǹkan kan nísàlẹ̀. Ohun tó bá bá ẹ̀rọ jáde gan-an ni wọ́n ń wá, òun là ń pè ní ọ̀pá yìnyín, òun ni wọ́n sì fi ń mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ wọn ṣófo nínú bíi páìpù, abẹ wà létí ẹnu rẹ̀. Bó ṣe ń yí ló ń gé yìnyín yípo, àárín á sì wọ inú páìpù lódindi: ó nípọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10, wọ́n á sì máa fà á jáde ní bíi mítà kọ̀ọ̀kan.

Òjò dídì tọdún yìí ń bọ́ lé ti èṣí lórí. Ti ìsàlẹ̀ á fún pọ̀ di yìnyín líle, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a bọ́: eruku ọ̀dá, eérú òkè ayọnáyèéfín, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀. Omi náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ọ́síjìn inú rẹ̀ ní èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo, ìwọ̀n wọn sì ń yí padà bí òtútù àti òjò ṣe ń yí padà. Ní ilẹ̀ olóoru, òjò púpọ̀ lè fi àmì tó jọ ti òtútù sílẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́síjìn nìkan dájọ́.

Ní ọdún 2000, Lonnie Thompson àti ikọ̀ rẹ̀ láti Yunifásítì Ohio State gbẹ́ ọ̀pá mẹ́fà lórí Kilimanjaro ní Tanzania. Èyí tó gùn jù tó bíi mítà 51, wọ́n sì ṣírò pé yìnyín ìsàlẹ̀ pátápátá ti tó ọdún 11,700. Nínú ọ̀kan, wọ́n rí ìpele eruku kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, láti nǹkan bí ọdún 4,000 sẹ́yìn. Ẹ fi wé eruku ọyẹ́ orí tábìlì, tí ìka kan lè nù kúrò, kí ẹ tó mọ irú ọ̀dá tó jà nígbà náà.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù nìyí. Ẹ ra sóbò dídì onínáílọ́ọ̀nù ní ọjà Sábó, èyí tó dì gbagidi. Ẹ já etí rẹ̀, kí ẹ máa fà á mu nínú oòrùn. Omi tó kọ́kọ́ jáde á pupa kíkankíkan, á dùn ju sóbò gidi lọ. Kó tó dé ìdajì, yìnyín funfun tí kò ládùn ló kù lọ́wọ́. Yìnyín ṣì wà, sóbò ti lọ. Bí omi bá ń dì, ó máa ń ti ohun tí kì í ṣe omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́ hóró rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni omi tó bá kọ́kọ́ yọ́ máa ń gbà ṣàn. Lórí òkè, omi yìí á gbé èròjà ọdún kan lọ sínú ọdún tó wà nísàlẹ̀, á tún dì síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Lórí òkè Grand Combin ní Swítsáláǹdì, ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ní 2018 ṣì pé. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2020, omi ti fọ àmì inú yìnyín náà lọ.

Nígbà mìíràn, orí ọ̀pá gan-an ló ń sọnù. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láàrin 1950 sí 1963 fi àmì ìtànṣán olóró sílẹ̀ nínú yìnyín káàkiri ayé, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Nínú ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ní Naimona'nyi, ní òkè Himalaya, ní 2006, wọn ò rí i. Yìnyín ìgbà náà àti ti gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e ti yọ́ lọ.

Èyí tó bá pé, ọ̀nà ilé ṣì lè bà á jẹ́. Inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń dì í sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọfà tó ń tọ́ka sókè. Bí wọ́n bá fa ọfà kan sódì, ọdún ti dorí kodò nìyẹn. Kò gbọdọ̀ gbóná ju −20 °C lọ. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi ayùn gé ara rẹ̀ tí ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti kàn dànù, àárín nìkan ni wọ́n ń yọ́.

Fírísà ń fẹ́ iná. Ìdí nìyẹn tí ètò Ice Memory fi yan ibùdó Concordia ní Antarctica fún ìpamọ́ ọ̀pá tí wọ́n ń gbẹ́ láti 2016: ihò nínú òjò dídì, níbi tó tutù tó bíi −50 °C láìsí jẹnẹrétọ̀.