Ìtàn omíyalé tó lè gba ẹ̀mí là

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Àbújá ló mọ ìtàn Ògùnpa, bí omi ṣe gbé ilé gbé èèyàn n'Ìbàdàn ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dára: ẹ má da pàǹtírí sódò, ẹ má kọ́lé sétí odò. Àmọ́ ìtàn Ìbàdàn ni, kò tó fi ṣọ́ omi níhìn-ín.

Ní Maiduguri, oṣù kẹsàn-án 2024, dáàmù Alau ló ya tí omi fi bo ìgboro. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò ní mọ̀gbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1994, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà tó ẹni tó ń bímọ. Ní Lọ́kọ́já, díẹ̀díẹ̀ ni Odò Ọya àti Bẹ́núè ń kún, èèyàn á ráyè kó ẹrù. Odò kéékèèké Àbújá kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìtàn tó wúlò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí omi ti wá, bó ṣe pẹ́ tó láti ìgbà tí àmì fi hàn títí tó fi dẹ́nu ọ̀nà, ibi tó dé, àti ọ̀nà tó kọ́kọ́ dí. Ohun tí a sábà ń gbọ́ ni bí lágbájá ṣe wọ́ omi kọjá. Ẹni tó kọjá ló ń ròyìn. Ẹni tí omi gbé lọ kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀. Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 60 ń gbé ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ìwọ̀n orúnkún, tí ọmọdé rò pé òun lè gbà kọjá, ti pọ̀ jù.

“Ọdún mẹ́wàá la ti wà níbí, omi ò dé ibí rí” kì í ṣe ẹ̀rí. Àlejò ni ọ̀pọ̀ wa. Ẹ bi àwọn àgbà Gbagyi tó dáko síbẹ̀ kí ẹ́sítéètì tó dé. Bó bá jẹ́ fàdámà, ilẹ̀ àbàtà etí odò, tẹ́lẹ̀, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dí i kò ní kí omi má padà síbẹ̀.

Bí omi bá wọlé, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà síbi tó dé lára ògiri iwájú, kí ẹ kọ ọjọ́ àti gíga rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó fọ ẹrẹ̀ náà kúrò. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ rin ọ̀nà tó lọ sórí òkè, kí ẹ sì máa sọ ìtàn náà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Bẹ́ ẹ bá fi ìtàn náà sórí WhatsApp, ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ àdúgbò ṣáájú. Fídíò àtijọ́ tí kò ní ọjọ́ ń mú kí èèyàn sá lásán, tó bá wá di òótọ́, wọn ò ní sá mọ́.

Ẹ má gbàgbé máìgádì. Òun ló ń ṣọ́nà lóru. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ fún un ní Hausa, kí ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe máa pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.