Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀pá Gbé Bọ́ọ̀lù

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá kọ́ gọ́ọ̀fù lọ́dọ̀ mi ló jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù wọn ṣe máa lọ jìnnà ló jẹ wọ́n lógún. Bẹ́ẹ̀, ibi tó ku nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sí ihò ni wọ́n ti ń fi ìgbà mẹ́rin ṣe iṣẹ́ ìgbà mẹ́ta.

Ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi gbé bọ́ọ̀lù sókè. Bí ọ̀pá bá ti ń sún mọ́ ọn, ara á fì sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ á ká, ọ̀pá á sì kan ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù á ta pọ́n-ún, á dúró. Nígbà mìíràn, etí ọ̀pá á gbá a láàárín, á sì sáré kọjá gíríìnì (ibi koríko kúkúrú tí ihò wà) wọ igbó lọ. Àìsàn kan náà ni méjèèjì.

Láti ibi tí wọ́n ti rọ sand wedge (wẹ́ẹ̀jì, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú yanrìn) ni ojú rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, ní nǹkan bíi dígírì 56. Ìyẹn ló ń gbé bọ́ọ̀lù. Tiyín ni kí ọ̀pá kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù, kó tó kan koríko. Ẹ kó ẹsẹ̀ súnmọ́ra, ẹ fi ara ti ẹsẹ̀ òsì (bí ẹ bá ń gbá lọ́wọ́ ọ̀tún), kí ẹ má kúrò lórí rẹ̀ títí ọ̀pá á fi kọjá.

Ẹ lọ síbi yanrìn, ẹ fi ìka fa ìlà kan, ẹ fi ọ̀pá gbá ojú ìlà náà láìsí bọ́ọ̀lù. Bí àpá bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ara yín ti sá padà sẹ́yìn nìyẹn. Orí ìlà ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì máa lọ síwájú. Ẹ má gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀ títí àpá á fi gún régé léraléra. Mo mọ̀ pé ó ń súni, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó tún ọwọ́ ṣe tó o.

Lásìkò òjò tí ilẹ̀ Èkó rọ̀, bí ọwọ́ bá ṣíwájú bọ́ọ̀lù jù, etí ọ̀pá á wọlẹ̀ bí ọkọ́. Ikùn tó yọ lábẹ́ wẹ́ẹ̀jì ló yẹ kó yọ̀ lórí ilẹ̀. Irú ikùn yẹn ni Gene Sarazen, ará Amẹ́ríkà, fi òjé ṣe sábẹ́ ọ̀pá tó gbé lọ síbi ìdíje gọ́ọ̀fù Open ti ilẹ̀ Bìrìtìkó ní ọdún 1932, tó sì gba ife ẹ̀yẹ. Nítorí náà, ẹ dín bí ọwọ́ ṣe ń ṣíwájú kù, kí ikùn náà lè ṣiṣẹ́.

Bí kò bá sí kòtò yanrìn láàárín ẹ̀yin àti ihò, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ẹ mú ọ̀pá nọ́ńbà 8, tí ojú rẹ̀ kò tẹ̀ sẹ́yìn tó ti wẹ́ẹ̀jì, kí bọ́ọ̀lù máa yí lọ.