Èémí ń já, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú

Ká ní màmá kan ti dín àkàrà lórí iná igi fún ọdún 30 kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Kubwa, l'Abuja. Èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ọmọ á ní, "Ẹ jókòó, mọ́mì, a máa bá yín gbé e." Ìfẹ́ ni o, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń burú sí i. Iṣan ẹsẹ̀ tí a kò bá lò máa ń joro. Iṣan tó ti joro kì í lè lo ọ́síjìn dáadáa, nítorí náà iṣẹ́ kékeré ló máa tú ásíìdì sínú ẹ̀jẹ̀, ásíìdì náà á sì tún mú kí èémí yára. Ẹ̀rù á bà á, á tún jókòó. Nígbà tó bá yá, àtiti yàrá dé balùwẹ̀ á di ìrìn àjò.

Okùn yìí ni ètò tí wọ́n ń pè ní pulmonary rehabilitation, ìyẹn ètò eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ mímí fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, ń já. Kì í tún ẹ̀dọ̀fóró ṣe. Bí wọ́n bá ní kí aláìsàn fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára èémí lẹ́yìn ètò náà, iye tó ń jáde tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń jáde. Ẹsẹ̀, apá àti ọ̀nà mímí ló ń tún kọ́. Ẹni tí ikọ́ ife ti lọ lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tó fi àpá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lè jẹ àǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìrìn ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn ní mítà 30, wọ́n á há ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìka aláìsàn láti wo ọ́síjìn, á wá máa lọ, á máa bọ̀. Ó lè dúró sinmi, àmọ́ aago kì í dúró dè é. Físíò, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń darí eré ìdárayá náà, kì í bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má baà di pé ẹsẹ̀ físíò ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ìrìn náà bá fi bíi mítà 30 lé sí i lẹ́yìn ètò, àǹfààní gidi ti dé nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ náà ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ìrìn, dìde-kí-o-jókòó lórí àga, ike omi gbígbé sókè. Èémí gbọ́dọ̀ le díẹ̀. Ẹni tó ṣì lè kọrin kò tíì ṣe tó. Ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan ti ṣe jù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ti ètè. Nínú irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ń fà yìí, ọ̀nà atẹ́gùn kéékèèké máa ń pa dé nígbà tí a bá ń mí síta, afẹ́fẹ́ tó ti kú á há sínú, tuntun ò ní ráyè wọlé. Bí a bá fi imú fà á wọlé, tí a sún ètè pọ̀ bí ẹni fẹ́ súfèé, tí a sì tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, agbára tó ń ti ẹnu padà wá ló máa di ọ̀nà yẹn mú kó má pa dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o, kì í ṣe bí ẹni ń fẹ́ná. Bákan náà, bí a bá fẹ́ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí a bá ń mí síta ni ká gbé e. Títẹ̀ba fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbálẹ̀ ń tẹ ikùn mọ́ àyà, kí wọ́n fún màmá ní ìgbálẹ̀ onígi gígùn.

Bí ètò bá parí, tí ìrìn dúró, agbára náà á máa yọ̀ dànù láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo Abuja, inú ilé ni kí màmá ti máa rìn, láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, lọ àti bọ̀.