Kí Ẹ Tó Dìde Nídìí Ìtàn Yín

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ìtàn wá bá mi fún àtúnṣe kì í fi ìwé kíkọ jẹun. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, awakọ̀ wà, olùkọ́ wà, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà sì wà. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn máa ń rò nígbà tí a bá kọ́kọ́ jókòó: wọ́n á ní àwọn kò ráyè. N kì í bá wọn jiyàn, nítorí òótọ́ ni pé àyè kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní iṣẹ́ àti ẹbí, ṣùgbọ́n bí mo bá tọpinpin ọjọ́ náà gan-an tí ìtàn dúró sójú kan, mo máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan sọ fún mi pé ọmọ òun ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara ọmọ náà yá, òun sì ṣí fáìlì ìtàn òun lálẹ́ ọjọ́ kan, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ó ka ojú ìwé mẹ́ta, ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ìtàn náà fi sùn lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn tàbí ewì nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bá mi wò nínú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni pé oṣù mẹ́jọ náà kì í ṣe ẹ̀bi àìsàn ọmọ. Ìdíwọ́ wá, ó sì lọ. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí yóò gbà wọlé padà. Ẹni tó ń kọ̀wé láàárín iṣẹ́ mìíràn kò lè di ojú ọ̀nà mọ́ ìdíwọ́, kò sì yẹ kó máa fi gbogbo agbára rẹ̀ bá a jà. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ìpadàbọ̀ rọrùn, débi pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré yóò tó láti mú un wọ inú ìtàn rẹ̀.

Àlá tó ń ṣe wá ní jàǹbá jù ni ti alẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wá. Franz Kafka, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Prague, rí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912, kò sì dìde títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, nígbà tí ó ti kọ odindi ìtàn kan tán. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ nìkan ló ṣe yẹ kí a máa kọ̀wé. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa sọ èyí kì í sábà rántí apá kejì rẹ̀: ìtàn àròsọ gígùn mẹ́ta tí a mọ̀ mọ́ Kafka, kò parí ọ̀kankan nínú wọn kó tó kú ní ọdún 1924. Àìsàn wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ẹ̀bùn kò sì ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá nígbà tí a bá ń retí rẹ̀, ìtàn gígùn kò sì ṣeé kọ lóru ọjọ́ kan.

Anthony Trollope ni èmi máa ń tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń gba ibòmíràn wò ó. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ọdún 1834 títí di ọdún 1867, síbẹ̀ ìtàn àròsọ 47 ló kọ láyé rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń gbé aago síwájú, tí ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ 250 lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yóò sá kúrò nídìí ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun méjì mìíràn ló wúlò fún wa jù. Èkíní ni pé nínú wákàtí mẹ́ta tí ó fi ń kọ̀wé láàárọ̀, ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ ni ó fi ń ka ohun tí ó kọ lánàá, kí etí rẹ̀ lè padà gbọ́ ohùn ìtàn náà. Èkejì ni pé kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ láti jí: ó ń fi pọ́n-ùn 5 lọ́dọọdún kún owó ìránṣẹ́ àgbà kan kí ẹni náà lè máa jí i, kó sì wà nídìí tábìlì ní aago márùn-ún ààbọ̀. Nínú ìtàn ìgbésí ayé tí ó kọ fúnra rẹ̀, ó ní bóyá ìránṣẹ́ yìí ni òun jẹ ní gbèsè ọpẹ́ jù lọ fún ohun tí òun dà. Kò sí èyí tó jẹ́ ti agídí nínú méjèèjì. Ètò ìpadàbọ̀ ni.

Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, náà sọ nínú ìwé ìròyìn kan ní ọdún 1935 pé kí òǹkọ̀wé máa dáwọ́ dúró nígbà tí iṣẹ́ ń lọ geere tí ó sì mọ ohun tó kàn. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àfi pé ẹni tó ń yan ìgbà tí yóò dúró ló wà fún. Ẹni tí ọmọ ń ké pè láti inú yàrá, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ pè lórí fóònù lójijì, kò yan nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi yí ìmọ̀ràn náà díẹ̀ fún àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́: kí wọ́n tó dìde, bí ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n bá a dé. Ìlà ìdágbére ni mo ń pè é. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ wo irú èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ kọ: «Máa bá a lọ láti ibí. Jẹ́ kí ìjà náà le sí i.» Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ta létí ẹni tó kọ ọ́ pàápàá. Ìjà wo? Kí ni yóò mú un le? Ẹ wá fi wé èyí: «Obìnrin náà ṣì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti ta ilé. Òjò ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó kàn, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n: Ṣé o ti pààrọ̀ àgádágodo yìí ni?» Ìlà kìíní sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn kan mọ̀ tí ìkejì rẹ̀ kò mọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mí ìran náà wà. Ìlà kejì dá ara òǹkọ̀wé padà síbẹ̀, pẹ̀lú òjò àti ẹsẹ̀ tútù. Ìkẹta ni mo kà sí jù, nítorí pé gbólóhùn tí ó ti délẹ̀ ni. Ẹni tó padà dé kò ní láti ronú kan ohunkóhun. Yóò kàn kọ gbólóhùn náà sínú ìtàn, kó sì tó mọ̀, obìnrin náà ti ń wá èsì tí yóò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ti ewì, ìró ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ, nítorí náà kí akéwì ka ohun tí ó ti kọ sókè sínú fóònù rẹ̀ kó tó dìde, kó sì kọ ìlà tó kàn sílẹ̀ bó ti wù kó wọ́ tó.

Àṣìṣe tí kò jẹ́ kí ìpadàbọ̀ yọrí sí rere, mo ti ṣe é rí. Ní ọdún tí ìyá mi ń ṣàìsàn, mo fi ìtàn gígùn kan sílẹ̀ fún oṣù méje, nígbà tí mo sì padà, ó dà bíi pé ohun tó tọ́ ni kí n kà á láti orí kìíní. Mo kà á, mo rí gbólóhùn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, mo sì rí òmíràn. Orí kìíní dán títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, orí keje tí mo ti dúró kò sì fi ọ̀rọ̀ kan lé. Lẹ́yìn ìdádúró gígùn, ojú tí a fi ń kàwé kì í kú, ọwọ́ tí a fi ń kọ ọ́ ló máa ń le, nítorí náà ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òkè yóò rí àléébù púpọ̀ nígbà tí agbára àtitún un ṣe kò tíì padà sí i lára. Ẹ ka ojú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn nìkan, kí ẹ kọ ìlà márùn-ún tuntun lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó àléébù tí ẹ bá rí pa mọ́ sínú ìwé mìíràn fún ọjọ́ àtúnṣe. Bí orúkọ àti ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti ṣú yín lójú, ojú ìwé kan tí ẹ kọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn, ọjọ́ orí wọn àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn sí yóò yọ yín nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tún wà. Ẹni tó ti pinnu láti máa kọ ọ̀rọ̀ 300 lójúmọ́, tí ọjọ́ mẹ́wàá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, máa ń gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti jẹ ìtàn ní gbèsè ọ̀rọ̀ 3,000, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un bí ajigbèsè ṣe ń yẹra fún ẹni tó yá a lówó. Ẹ pa gbèsè náà rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò yá yín ní nǹkan kan. Ní ọdún 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí bí ìwà ṣe ń mọ́ni lára, níbi tí wọ́n ti tọpa ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12. Oúnjẹ, ohun mímu àti eré ìmárale ni wọ́n wò, kì í ṣe ìwé kíkọ, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn jù. Ọjọ́ 66 ni iye tó bọ́ sí àárín kí ìwà tuntun tó mọ́ni lára, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò wọn, tó lọ kọjá ọ̀sẹ̀ 12 náà, láti ọjọ́ 18 títí dé 254 ni ó tàn kálẹ̀ sí lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, pípa ọjọ́ kan jẹ kò sì da ètò náà rú. Àlàfo tó wà láàárín 18 àti 254 yẹn ló wù mí jù níbẹ̀, nítorí ó yẹ kó pa àwọn tó ń fi ọmọlàkejì wọn ṣe òṣùwọ̀n lẹ́nu mọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìtàn ló ń béèrè ìdákẹ́rọ́rọ́. Ìgbà tí a wà lórí ìlà tí a ń dúró de nǹkan tó láti fi yan orúkọ, láti fi gbọ́ bí ẹ̀dá-ìtàn kan ṣe máa ń sọ̀rọ̀, tàbí láti fi pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ purọ́ nínú ìran tó kàn. Àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ṣe so kọ́ra, nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sí ọjọ́ tí àyè bá gbòòrò.

Ìdíwọ́ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tuntun, ọ̀fọ̀, iṣẹ́ tuntun tàbí àìsàn tó gùn kì í ṣe ohun tí a lè fi ìlà mẹ́ta dè. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí ènìyàn dìídì ti ìtàn náà, kì í ṣe kó fi í sílẹ̀ gbayawu kó máa dá a lẹ́bi láti ọ̀ọ́kán. Kí ó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ara rẹ̀: ibi tí ìtàn dé, bí ó ṣe rò pé yóò parí, ohun tí ó ń dà á láàmú níbẹ̀, àti ọjọ́ kan pàtó tí yóò tún ṣí i. Kí ó ṣí i lásán ni o, kì í ṣe kó kọ nǹkan kan. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ọkàn kò gbà, kí ó yan ọjọ́ mìíràn. Mo ti rí ẹni tó yan ọjọ́ nígbà mẹ́rin kó tó padà, ìtàn rẹ̀ sì dára ju ti ìgbà tí ó fi sílẹ̀ lọ, nítorí pé ìbànújẹ́ ti kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀.

Ó ku àwọn ará ilé. Toni Morrison jẹ́ olóòtú ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Random House, ó ń dá tọ́ ọmọkùnrin méjì, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn ọmọ náà tó jí, ló sì fi ń kọ̀wé. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà tí ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970. Ní ọdún 1993, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ ṣàkíyèsí pé oorun àwọn ọmọ ló yan wákàtí náà fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ibi tí ilé yín ti ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó lọ fa wákàtí mìíràn yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí irú wákàtí bẹ́ẹ̀, kí ẹ béèrè fún èyí tó ní ìparí: ọkọ, aya tàbí ọmọ lè fara da ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n mọ ìgbà tí yóò tán, ju «mò ń bọ̀» tí kì í dé lọ.

Obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fi fáìlì ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí. Ó gbàgbé láti yọ àwọn ìlà ìdágbére kúrò nínú rẹ̀, mo sì kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi mẹ́rìnlélógún ni wọ́n wà. Ọ̀kan kò parí, ó dájú pé wọ́n pè é níbẹ̀ ni: «Ọkọ̀ ojú omi ti kúrò ní èbúté, bàbá kò sì mọ̀ pé àpótí». Nísàlẹ̀ rẹ̀, bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ṣí àpótí náà.